Fóònù tó ń kú nígbà tó ku 30%

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá atúnfóònùṣe. Aránṣọ ni mí ní Kétu. Ọdún 2021 ni mo ra fóònù Android tí mo ń lò. Ní báyìí, tó bá ti ku 30% ó máa ń kú lójijì, àgàgà tí mo bá fẹ́ ya àwòrán aṣọ tí mo rán. Ó ti ń lọ́ra, ojoojúmọ́ ló sì ń sọ fún mi pé àyè ti tán. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Kùtọnú ní kí n sọ ọ́ nù, pé fóònù tó ti lé ní ọdún mẹ́rin kì í ṣe fóònù mọ́. Ẹnì kan fẹ́ ta tuntun fún mi ní 85.000 sẹ́fà. Atúnfóònùṣe kan níbí ní 8.000 ni òun máa gbà fún bátìrì. Orí MoMo tó wà nínú fóònù yìí ni owó àwọn oníbàárà mi ń gbà wọlé. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o.

Kí n tó ṣàlàyé, ẹ gba èyí ná: ẹ má tíì ra fóònù 85.000 yẹn. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ kó ẹrù kúrò nínú fóònù, ẹ gbé síìmù MoMo yín lọ sínú fóònù kékeré oníbọ́tìnì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀. Fóònù yẹn máa kúrò lọ́wọ́ yín lóòótọ́, àmọ́ ìdí tí ọmọ yín sọ kọ́ ló máa mú un kúrò.

Aránṣọ ni yín, ọ̀rọ̀ yìí ò ní ṣòro fún yín. Tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìránṣọ yín bá já, ẹ ò ní ta ẹ̀rọ, bẹ́líìtì lẹ máa rà. Tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́, abẹ́rẹ́ lẹ máa pààrọ̀. Àfi ọjọ́ tí ẹ bá wá abẹ́rẹ́ rẹ̀ kiri ọjà títí, tí wọ́n ní ilé iṣẹ́ tó ṣe é kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ̀ pé ẹ̀rọ náà ti di ìjókòó adìyẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni fóònù rí. Ó ní ohun tó ń gbó tí a lè pààrọ̀, ó ní ohun tó ń kún tí a lè gbọ̀n dànù, ó sì ní ohun kan ṣoṣo tí gbogbo àwa tó jókòó sídìí iṣẹ́ yìí kò lè tún ṣe. Méjì àkọ́kọ́ ló ń gbé àwọn èèyàn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ẹ̀kẹta kì í gbé ẹnikẹ́ni wá, nítorí kì í dun èèyàn títí ó fi máa pa á lára.

Ẹ jẹ́ ká mú bátìrì. Líthíọ́ọ̀mù ló wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá lo agbára rẹ̀ tán, tí ẹ sì gbé e sórí iná títí tó fi kún, ìyípo kan nìyẹn. Tí ẹ bá lo ìdajì lónìí, tí ẹ lo ìdajì lọ́la, ìyípo kan náà ṣì ni. Apple kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra wọn pé iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀, tí ìyípo bá pé 500, bátìrì wọn yẹ kó ṣì lè gba 80% ohun tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. Láti orí iPhone 15 ni wọ́n ti sún un dé 1.000. Ẹ wá ṣírò rẹ̀: ẹni tó ń lo bátìrì kan tán lójúmọ́ á ti kọjá 500 kí ọdún méjì tó pé. Tiyín ti lé ní ọdún mẹ́rin. Bátìrì yín kò ṣàìsàn, ó darúgbó ni.

Kí ló wá dé tó fi ń kú ní 30%, tí kò dúró dé oódo? Bátìrì tó ti gbó dà bí bàbá àgbà tó lè rọra rìn láti ilé dé ọjà láìsí wàhálà. Ẹ ní kó gun òkè Ṣábẹ̀, orúnkún á kọ̀. Okun ṣì wà lára rẹ̀, kò kàn lè tú u jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́. Tí ẹ bá ṣí kámẹ́rà, ojú fóònù á mọ́lẹ̀ kedere, fíláàṣì á fẹ́ tàn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà á máa béèrè tirẹ̀. Gbogbo wọn á já lu bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà, iná tó ń ti inú rẹ̀ jáde á wálẹ̀ wìì, fóònù á sì pa ara rẹ̀ kí nǹkan má bàa bàjẹ́. "Àgàgà tí mo bá fẹ́ ya àwòrán" tí ẹ kọ yẹn, òun ló jẹ́ kí n mọ ibi tó ń dùn ún láìfọwọ́ kàn án.

Kódà, ó lè jẹ́ pé bátìrì náà ló fa díẹ̀ nínú ìlọ́ra yẹn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2017, Apple jẹ́wọ́ pé àwọn máa ń dín eré iPhone tí bátìrì rẹ̀ ti gbó kù, kó má bàa máa kú lójijì. Inú bí àwọn èèyàn gan-an, ilé iṣẹ́ náà bẹ̀bẹ̀, wọ́n sì já owó bátìrì wálẹ̀ sí dọ́là 29. Ẹni tó fi bátìrì tuntun sí i, eré fóònù rẹ̀ padà. Ẹ rò ó wò, iye àwọn tó ti lọ ra fóònù tuntun kí àṣírí tó tú, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́líìtì lásán ló já.

Ẹ̀yin ará Kétu tún ní ìṣòro tiyín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìgólò tó wà létí ààlà kò jìnnà sí àwa náà. Tí ẹ bá gbé aṣọ lọ fún oníbàárà ní ìhà Ìlárá, níbi tí ààlà ti la àárín ìlú kọjá, fóònù yín á máa wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ Benin, á já mọ́ ti Nàìjíríà, á tún padà. Tí òpó bá jìnnà, fóònù á máa pariwo kí òpó lè gbọ́ ohùn rẹ̀, ariwo yẹn ló ń jẹ bátìrì. Ẹ wọ Paramètres (ibi tí wọ́n ti ń ṣètò fóònù), ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Réseau mobile sí, ẹ pa yíyan nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín mú ilé iṣẹ́ tí ẹ ń lò. Ẹ pa Itinérance des données náà, èyí tó ń jẹ́ kí fóònù lo íńtánẹ́ẹ̀tì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilẹ̀ mìíràn. Mo mọ ẹnì kan tó fẹ̀sùn kan bátìrì fún oṣù mẹ́fà, tó jẹ́ pé ààlà ló ń jẹ ẹ́.

Oòrùn nìyí náà. Apple ní kí wọ́n má lo fóònù àwọn níbi tí ooru bá ti kọjá 35°C, àwa sì mọ bí ọ̀sán oṣù Kẹta ṣe ń rí. Ẹ má gbé e sójú fèrèsé nígbà tó bá wà lórí iná. Àwọn oní-zémidjan, ìyẹn ọlọ́kadà, tó ń so fóònù mọ́ orí kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kí wọ́n lè máa rí ọ̀nà, bátìrì tiwọn ni mo ń pààrọ̀ jù.

Ohun kan wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀. Tí ẹ bá rí i pé ẹ̀yìn fóònù ti ń wú, tàbí ojú rẹ̀ ń gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má gbé e sórí iná mọ́ láti ìṣẹ́jú yẹn. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ wọlé, ẹ má gún un. Ní ọdún 2016, Samsung ní láti kó Galaxy Note 7 padà kúrò lọ́wọ́ àwọn èèyàn káàkiri ayé nítorí bátìrì tó ń gbiná. Bátìrì tó wú kì í sọ pé ó máa jó. Tó bá fẹ́ jó, ó kàn máa ń jó ni.

Nípa 8.000 tí wọ́n sọ fún yín: iye tó mọ́gbọ́n wá ni, tí bátìrì náà bá jẹ́ bátìrì gidi. Ẹ ní kí atúnfóònùṣe náà yọ ti àtijọ́ níṣojú yín, kí ẹ gbé méjèèjì sọ́wọ́. Èyí tó bá fúyẹ́ ju èkejì lọ dáadáa, ẹ fura sí i. Tí wọ́n bá kọ 4.000 mAh (ìwọ̀n agbára tí bátìrì lè gbà) sára ti àtijọ́, tí tuntun tó tóbi bákan náà sì ń pariwo 6.000, irọ́ ni wọ́n tẹ̀ sára ike. Kí ẹ sì béèrè pé tó bá bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ẹni tó bá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kó tó dáhùn, ẹ kí i pé ó dàárọ̀.

Kí wọ́n tó ṣí fóònù, ẹ kó ohun tó wà nínú rẹ̀ pamọ́. Mo ti rí ìyàwó ilé tó sunkún ní ṣọ́ọ̀bù mi nítorí àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé, kì í ṣe nítorí fóònù. Google ń fún olúkúlùkù ní àyè 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n láti ọdún 2024 ni ohun tí WhatsApp bá kó pamọ́ síbẹ̀ ti ń jẹ nínú 15 náà. Nítorí náà, ẹ gbá ilé kí ẹ tó kó ẹrù.

Ilé gbígbá yìí kò gba àlàyé púpọ̀. Nínú WhatsApp, ẹ lọ sí Paramètres, ẹ tẹ Stockage et données, kí ẹ tẹ Gérer le stockage. Á fi ẹgbẹ́ tó ń kún inú fóònù yín hàn yín láti orí èyí tó wúwo jù. Mo lè búra pé ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ìlú ló máa wà lókè, tí fídíò Gẹ̀lẹ́dẹ́ kan ṣoṣo á wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin nítorí èèyàn mẹ́rin ló fi ránṣẹ́. Ẹ pa á rẹ́, Gẹ̀lẹ́dẹ́ ò ní bínú. Ẹ tún sọ fún WhatsApp kó má máa fa fídíò wọlé fúnra rẹ̀; mẹ́gà (dátà) yín náà á pẹ́ sí i. Èmi máa ń fẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́wàá àyè fóònù ṣófo. Tó bá kún dé ẹnu, kò ní rí ibi yí ọwọ́ sí, ìlọ́ra ló sì máa tẹ̀ lé e.

Ó kan ẹ̀kẹta, èyí tí ọmọ yín ì bá sọ tó bá mọ̀ ọ́n.

Ẹ wọ Paramètres, ẹ sọ̀kalẹ̀ dé À propos du téléphone, ẹ wo Version Android. Ẹ máa rí ọjọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n kọ Mise à jour de sécurité sí. Ọjọ́ ìkẹyìn tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fóònù yín dí ihò inú rẹ̀ nìyẹn. Ihò wo? Kò sí fóònù tí kò ní àléébù nínú bí wọ́n ṣe kọ iṣẹ́ inú rẹ̀. Àwọn kan ń wá àléébù yẹn kí wọ́n lè dí i, àwọn olè náà ń wá a kí wọ́n lè gbà á wọlé. Tí ilé iṣẹ́ bá ṣì ń fi àtúnṣe ránṣẹ́, ilẹ̀kùn á máa tì. Ọjọ́ tí wọ́n bá dáwọ́ dúró, ihò tuntun kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí máa ṣí sílẹ̀ títí láé nínú fóònù tiyín, bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ ń dán gbinrin. Kò sí irinṣẹ́ tí mo lè fi dí i.

Tí ọjọ́ tí ẹ bá rí níbẹ̀ bá ti lé ní ọdún kan, ilé iṣẹ́ ti gbàgbé yín. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n rà ní 2021, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ṣe ń rí.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé kó lọ lónìí? Rárá, nítorí ohun tí ẹ ń fi fóònù ṣe ló ń pinnu. WhatsApp kò tíì kọ̀ yín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, àwọn Android tí kò tó 5.0 ni WhatsApp já sílẹ̀.  Tiyín ga ju ìyẹn lọ dáadáa. Àwòrán aṣọ àti oníbàárà tó ń béèrè pé "ṣé ó ti ṣe tán", ẹ lè máa bá a lọ.

Owó ni kò yẹ kó wà níbẹ̀. Ìdí sì nìyí tí mo fi dárúkọ fóònù kékeré. Tí ẹ bá ń tẹ ìràwọ̀, nọ́ńbà àti àmì haṣí láti fi wo MoMo yín, inú síìmù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni iṣẹ́ yẹn ń gbà, kò nílò Android rárá. Fóònù oníbọ́tìnì tí bátìrì rẹ̀ ń lo ọjọ́ mẹ́rin ń ṣe é bí ẹni mumi. Áàpù olè kò lè tètè wọ inú rẹ̀, torí irú fóònù bẹ́ẹ̀ kì í sábà gba áàpù. Ẹ gbé síìmù sínú rẹ̀, ẹ yọ áàpù MoMo kúrò nínú èyí ńlá tó bá wà níbẹ̀, ẹ sì fi fóònù kékeré náà sínú àpò tí ẹ ń so mọ́dìí. WhatsApp ò ní sá lọ nítorí ẹ yọ síìmù: ó máa dúró sórí fóònù ńlá bó ṣe wà. Ẹ kàn tan Vérification en deux étapes rẹ̀ (nọ́ńbà àṣírí tí ẹ̀yin fúnra yín máa yàn), kí ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà mẹ́fà tó bá wọlé sínú SMS yín, kódà tó bá fi ohùn àbúrò yín pè. Owó bátìrì pẹ̀lú owó fóònù kékeré, wọn ò ní tó ìdajì 85.000.

Ìgbà wo lẹ wá máa ra tuntun? Tí áàpù tí ẹ ń fi jẹun bá kọ̀ láti ṣí. Tàbí tí nǹkan mìíràn bá tún bàjẹ́ tí owó àtúnṣe rẹ̀ kọjá ìdajì ohun tí ẹ máa fi ra irú rẹ̀ tó ṣì dára. Ìdajì yẹn, mo fi ojú rí nǹkan kí n tó mọ̀ ọ́n. Bàbá oní-zémidjan kan gbé fóònù wá fún mi, ojú rẹ̀ fọ́. Mo pààrọ̀ ojú, mo gbowó. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ihò ṣájà. Mo tún un ṣe, mo gbowó. Lẹ́yìn náà ni ibi tó ń fi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹrin tó wá, ó jókòó sórí àga, ó fọwọ́ ka owó tó ti san, ó sì bi mí pé: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ò rí i pé òkú lẹ ń wẹ̀ láti ọjọ́ yìí?" Ojú tì mí. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ owó oníbàárà kọ̀ọ̀kan sínú ìwé, kí n lè sọ fún un fúnra mi pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ó ku fóònù tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ẹ bi olùtajà pé ọdún wo ni irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Kó má sọ ọdún tó gbé e wọlé fún yín. Ọjọ́ tí irú fóònù kan bá jáde ni iye ọdún àtúnṣe rẹ̀ ti ń kà, ì báà ti wà nínú páálí ní ìsọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ó dà bí oògùn: páálí lè ṣì lẹ̀ mọ́ra, kí ọjọ́ tó wà lára rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Google ṣèlérí ọdún 7 fún Pixel 8 tó jáde ní 2023, Samsung sọ iye kan náà fún Galaxy S24 ní 2024. Àwọn yẹn wọ́n. Àmọ́ Galaxy A16 tó jáde lọ́dún 2024 náà kì í ṣe fóònù olówó ńlá, ọdún 6 ni Samsung kà fún un. Ọ̀pọ̀ fóònù tí kámẹ́rà ẹ̀yìn wọn tó mẹ́rin kò rí ju ọdún méjì gbà. Tí mo bá ní 85.000 lọ́wọ́, iye ọdún ni mo máa rà, mi ò ní ra iye kámẹ́rà.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́, ẹ ṣọ́ra fún iPhone XR tó kún inú ọjà báyìí. Ọdún 2018 ló jáde, iOS 26 (ètò tó ń darí iPhone) tó dé ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 kò sì gbà á mọ́. Ẹ ní kí wọ́n tan án níṣojú yín, kí wọ́n pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́, kó sì tún bẹ̀rẹ̀ láìbéèrè orúkọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀. Tó bá béèrè, ẹ fi í sílẹ̀, búlọ́ọ̀kù lẹ fẹ́ rà yẹn. Ohun tó ń dùn mọ́ mi nínú ni pé láti ogúnjọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2025, òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti ní kí bátìrì fóònù tuntun tí wọ́n bá ń tà níbẹ̀ ṣì lè gba 80% lẹ́yìn ìyípo 800, kí àtúnṣe inú rẹ̀ má sì dáwọ́ dúró títí ọdún 5 lẹ́yìn tí wọ́n bá tà á gbẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n bá lò tán lọ́hùn-ún ló ń wọ èbúté Kùtọnú. Tí ẹ bá fi ọdún kan tàbí méjì tọ́jú owó, tòkunbọ̀ tí ẹ máa bá lọ́jà máa sàn ju ti òní lọ.

Ẹ bá mi kí ọmọ yín. Tí ẹ bá sì ní nǹkan ṣe ní Àjàṣẹ́ kí ẹ tó pààrọ̀ bátìrì yẹn, ẹ yà sọ́dọ̀ mi, kí ẹ mú ṣájà yín dání. Tó bá jẹ́ ayédèrú, ó lè ti lọ́wọ́ nínú ohun tó ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, bátìrì 8.000 náà ò sì ní pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.